Bí Mo Ṣe Ṣọ́ Ṣúgà Mutíà

Ìkòkò amọ̀ méjì ni mo ń fọ̀ kí n tó jókòó kọ èyí. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, èyí tó kéré a sì máa wọ inú èyí tó tóbi. Mo da iyanrìn tútù tó wà láàárín wọn sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi kànrìnkàn fọ inú àwọn méjèèjì, mo wá dojú wọn dé síbi tí oòrùn ti máa rí wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń lò wọ́n, n kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ rí. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbẹ.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń kírun ní mọ́sálásí wa ní Mgbuoba, ní Port Harcourt níbí, ló ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí nǹkan kà. Bàbá tó ń ta táyà ti kọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, wọ́n rò pé ọjà ike ni n óò sọ. Òótọ́ ni pé ike ni mo ń tà ní ọjà Oil Mill: garawa, báásíà, kúlà, abọ́ onídèérí. Ọjà náà bọ́ wa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ike títà, ẹ̀gbọ́n mi kàn fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi ni. Iṣẹ́ tí mo kọ́ lábẹ́ ọ̀gá, tí ọ̀gá bá mi wí lórí rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi, tí mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣíṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Mutíátù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ó ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́ rẹ̀ tipẹ́, èèrà sì ń ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ó ń jẹun, ó ń rù. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ní gíga ló ń ga. Nígbà tó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ̀n jù, ọkọ mi gbé e lé èjìká, a gba ọsibítù lọ.

Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni.

Mo ní, "Dókítà, àtọ̀gbẹ kẹ̀? Ṣebí àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe."

Ó ní irú èyí tó ń mú ọmọdé wà. Ó ní ara Mutíà kò lè ṣe omi kan tó ń jẹ́ ínsúlínì mọ́, omi yẹn ló sì ń jẹ́ kí ara lè lo oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ. Abẹ́rẹ́ ni a ó máa fi fún un lójoojúmọ́, títí ayé rẹ̀. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ sọ ọ́. Bó ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ náà kò ní owó oṣù, kò sì ní ìsinmi.

Ọ̀gá mi ni Sístà Glory, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ikwerre láti Isiokpo, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò. Pijin ni èmi àti ẹ̀ jọ ń sọ. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá níbí, kí ẹ fi ata díẹ̀ kún un, tirẹ̀ máa ń ta ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ọsàn ló gbé lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti omi lásán. Ó ní, "Gún un." Mo gún un.

Ó ní, "Mama Muti, kí ni ọsàn yìí fi ṣẹ̀ ọ́? Ṣé bí o ṣe máa gún ọmọ rẹ nìyẹn? Tún un gún."

Mo gún ọsàn náà títí omi fi ń jáde lára rẹ̀ bí agbọ̀n. Mo gbé òmíràn lọ sílé, mo ń gún un níwájú ilé. Ọkọ mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Mutíà, wò mí títí, ó ní, "Ìyá Mutíà, ṣé ọsàn yìí ṣì ṣeé jẹ, àbí òun náà ti di ẹni tí à ń tọ́jú?"

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìgò. Ìgò méjì ni oògùn náà nígbà yẹn. Ọ̀kan mọ́ gaara, ìkejì dà bí omidùn. Èyí tó mọ́ ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà, kí èyí tó dà bí omidùn má bàa ba ìgò rẹ̀ jẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń yí ìgò omidùn yẹn jẹ́jẹ́, a kì í mì ín. Ọjọ́ tí mo mì ín bí oògùn ikọ́, Sístà Glory gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Na church bell?" Ó ní kí n lọ jókòó, kí n máa wo bí àwọn ìyá yòókù ṣe ń ṣe é. Mo jókòó ti ògiri bí ọmọ tí tíṣà fi ìyà jẹ. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọwọ́ tèmi kì í sì í yára. Nígbà tó yá, kò rí nǹkan bá mi wí mọ́ nídìí ìgò.

Oúnjẹ ló wá kàn. Ó bi mí pé báwo ni ẹ̀bà tí Mutíà ń jẹ ṣe ń tó. Mo ní kékeré ni.

"Kékeré ta ni? Kékeré rẹ ni, àbí kékeré ọkọ rẹ?"

 Lọ́jọ́ kejì, mo mú abọ́ ike aláwọ̀ búlúù kan láti ìsọ̀ mi, mo ní inú èyí ni n óò máa wọn ẹ̀bà sí, bó ṣe kún dọ́gba lẹ́nu, kò ní lé, kò ní dín. Sístà Glory yí abọ́ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ehen." Ìyìn tó kọ́kọ́ yìn mí nìyẹn, mo sì gbé e délé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi kẹ́yìn ló gba ọmọ là, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ kí ó yé yín. Abẹ́rẹ́ yẹn ń rẹ ṣúgà sílẹ̀ ni. Bí ọmọ bá gba abẹ́rẹ́ tí kò jẹun, ṣúgà á lọ sílẹ̀ jù. Ọmọ náà á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Omi ṣúgà la ó fún un kíákíá. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, a kò gbọ́dọ̀ rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ó má bàa gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. A ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, a ó fi ìka pa oyin sí èrìgì rẹ̀, a ó sì gbé e lọ sí ọsibítù. Sístà Glory mú mi kà á lákàtúnkà bí ọmọ kéú. Mo so ike oyin kan kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa. Èèrà mọ̀ ọ́n, gbogbo ará ilé mọ̀ ọ́n.

Iná mànàmáná ni ìṣòro tó kù. Oògùn náà kò fẹ́ ooru, iná ọ̀dọ̀ wa kò sì ní àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Sístà Glory ní kí a wá ìkòkò amọ̀ méjì, kí a kó iyanrìn sáàárín wọn, kí a máa fi omi rin ín. Bàbá Mutíà ra ìkòkò náà nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbé wọn lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí dé Port Harcourt. Ó ní obìnrin kan nínú ọkọ̀ bi òun pé, "Oga, na soup you carry come?" Òun náà ní, "Madam, na fridge." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ni Bàbá Mutíà. Ó jó irin pọ̀, ó fi ṣe ìjókòó fún ìkòkò náà kí omi lè máa ro lábẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, bí mo bá kírun tán, ìkòkò ni mo ń bu omi wọ́n.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é tí Mutíà fi wọ iléèwé, tó ń sanra, tó ń ṣe ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò ní Pijin tó mọ́ ju Yorùbá rẹ̀ lọ.

Àjálù dé nínú oṣù Ràmàdáánì kan, nígbà tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Mùsùlùmí mọ eré tí àwọn ọmọ kéú ń ṣe lásìkò ààwẹ̀. Ọmọ tó bá ní òun ń gbààwẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Yọ ahọ́n ẹ ká wò ó." Bí ahọ́n bá funfun, tó gbẹ, a jẹ́ pé òótọ́ ni. Bó bá pupa, tó ń dán, wọ́n á pariwo lé e lórí: "Ajẹ̀ẹ̀wẹ̀! Òjẹun-lẹ́yìn-ilé!" Ojoojúmọ́ ni ahọ́n Mutíà ń pupa. Sàmíátù, ọmọ ilé kejì tí wọ́n jọ ń lọ kéú, ló ń darí orin náà. Mutíà kò sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo fún un ní abẹ́rẹ́ àárọ̀, mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ka iwájú rẹ̀. Mo wọlé lọ di ẹrù ọjà. Nígbà tí mo jáde, àwo ti mọ́, ó ti wọ híjáàbù rẹ̀.

"Mọ́mì, I don chop finish."

"O jẹ gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó lọ sí kéú. Mo tún ẹrù tò, mo lọ kí aládùúgbò kan tó bímọ, mo padà wá ń wá bàtà tí n óò wọ̀ lọ sí ọjà. Ìgbà náà ni Sàmíátù sáré wọlé láìwọ bàtà.

"Mọ́mì Mutíà! Mutíà don fall o! Ó gbààwẹ̀! Ó yọ ahọ́n ẹ̀ fún wa, ó funfun ju tèmi lọ!"

Àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ló jẹ ẹ̀kọ náà.

N kò mọ bí mo ṣe já ike oyin. Nígbà tí mo dé iwájú mọ́sálásí, wọ́n ti yí ọmọ mi ká. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń já pàtìpàtì. Ẹnì kan ń fẹ́ ẹ, ẹnì kan ń pe Ọlọ́run, Ààfáà kéú sì gbé orí rẹ̀ lé apá, ó mú ife omi tó ti ṣàdúà sí, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Àánú ló ṣe é. Kò sí ẹni tó ti kọ́ ọ.

Èmi kì í pariwo. Àwọn oníbàárà mi pàápàá máa ń ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ohùn kan jáde lẹ́nu mi: "Ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu!" Kì í ṣe ohùn mi. Ohùn Sístà Glory ni. Ààfáà gbé ife kalẹ̀.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Mo fi ìka pa oyin sí èrìgì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, mo tún pa á sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń pa á, mo ń ka ohun tí Sístà Glory kọ́ mi lábẹ́ ahọ́n bí ẹni ń ka àyàh Àlùkùránì. Bàbá Mutíà dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú awò wẹ́dà lórí. Ó ti dá kẹ̀kẹ́ kan dúró. Inú kẹ̀kẹ́ náà ni ọwọ́ Mutíà ti dẹ́kun jíjá. N kò mọ̀ bóyá oyin ló ṣiṣẹ́ ni, àbí ohun tí mo ń bẹ̀rù.

Ọsibítù fa omi sí i lára. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó la ojú, ó wò mí, ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, ó tọ́ oyin wò. Ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Mọ́mì, ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́?"

Bàbá Mutíà fa awò dúdú yẹn bojú, ó jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Sístà Glory wá wò wá. Mo rò pé yóò tù mí nínú. Ó bèèrè pé kí ni mo rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní mo rí i pé àwo mọ́.

Ó ní, "Mama Muti, plate no dey sick." Àwo kọ́ ni ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Ọmọ ni kí o máa wò. Ó sì ti ń dàgbà, ojú rẹ kò ní í tó o wò láìpẹ́. Kọ́ ọ níṣẹ́ náà."

Nígbà tí a padà sílé, Ààfáà wá kí wa. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mutíà, ó ní, "Ìyá mi kékeré, Ọlọ́run tó ní ká gbààwẹ̀ náà ló ní kí aláìsàn máa jẹun, kí ó máa fi oúnjẹ bọ́ aláìní dípò. Ta ló máa pín dàbínù ìṣínu fún wa bí gbogbo wa bá ń gbààwẹ̀?" Láti ọjọ́ kejì, Mutíà ló ń gbé abọ́ dàbínù dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ní àsìkò ìṣínu. Ó ń pín in bí ìyàwó gómìnà. Bí Sàmíátù bá na ọwọ́, á ní, "Yọ ahọ́n ẹ kí n kọ́kọ́ wò ó." Sàmíátù á yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n títí di òní.

Èmi náà gba eré náà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, n kò wo àwo mọ́. Mo máa ń ní, "Mutíà, yọ ahọ́n." Ó di àṣà wa. Nígbà tó di ọ̀dọ́langba, ó ń yọ ọ́ jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Mo rò pé n óò rọ̀ ju ọ̀gá mi lọ. Irọ́ ni. Ọjọ́ tó mi ìgò, mo gbọ́ tí mo ní, "Ṣé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Ó ní, "Mọ́mì, Mùsùlùmí ni wá." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí a fi gbàgbé ẹni tó jẹ̀bi.

Irinṣẹ́ ń yí padà bí ọdún ṣe ń lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bébà ni à ń tì bọ inú ìtọ̀, a ó máa wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ìka dé, a mọ̀ pé bébà yẹn ti ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ tó dà bí bírò, kò sí ìgò mọ́, kò sí fífà. Báyìí, nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi bọ́tìnnì ni Mutíà ń lẹ̀ mọ́ apá nígbà tó bá rí i rà, fóònù rẹ̀ ni yóò sọ iye ṣúgà fún un. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn. Àwọn tó ń sọ pé ti àtijọ́ ló dára kò gún ìka ọmọ ẹlẹ́kún rí. Ìkòkò nìkan ni kò yí padà, nítorí iná náà kò yí padà.

Nígbà tí Mutíà wọ yunifásítì ní Ìlọrin, ó ní, "Àwọn ọmọṣẹ́ Dádì máa ń ṣe fírídọ́ọ̀mù. Èmi ńkọ́?" Bàbá rẹ̀ ní òótọ́ ni, ọmọṣẹ́ tí kò gba fírídọ́ọ̀mù kò lè dá ìsọ̀ ní. Ó yá àga. Ààfáà wá. Sístà Glory, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní Isiokpo, gbé àpò gàrí kan wá. Mutíà kúnlẹ̀ níwájú mi bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá. Mo gbé abọ́ búlúù yẹn lé e lọ́wọ́, mo ṣàdúà fún un. Kí n tó dìde, Sístà Glory fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Mama Muti, kneel down. You never do your own." Mo kúnlẹ̀. Bí ó ṣe ṣàdúà lórí mi ní èdè Ikwerre, n kò gbọ́ kan, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó lọ, mo ṣì ń wọ́n omi sí ìkòkò. Oògùn ìpamọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, pé bóyá ó lè wá lójijì. Ó parí yunifásítì, ó di tíṣà níbẹ̀, mo ṣì ń wọ́n omi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mo rò pé bí n kò bá ṣọ́ ọ mọ́, orí á lọ.

Ó wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí. Láàárọ̀ òní, bó ṣe ń di ẹrù, ó ṣí ìkòkò, ó kó gbogbo oògùn tó wà níbẹ̀ sínú báàgì tútù rẹ̀. Mo ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ibi tí mo bá wà ni kí oògùn mi wà. Ìkòkò yín ti ṣiṣẹ́ tó."

Àyà mi kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà, ó fúyẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, iṣẹ́ tí ẹ bá yàn, tàbí iṣẹ́ tó bá yàn yín, ẹ kọ́ ọ títí ẹlòmíràn á fi lè gbà á lọ́wọ́ yín. Kò sí èrè tó tó èyí lójú mi.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kírun àárọ̀ ni mo ti ń sáré, mo ń dín ẹran tó máa gbé lọ, mo ń wá ọ̀rá tí a máa fi wé e. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó yọ orí lójú fèrèsé. Mo fẹ́ bi í bóyá ó ti yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, mo gbé e mì. Òun ló bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹ, ó ṣáà rí àwo mi nínú báásíà.

Ó wò mí bí Sístà Glory ṣe máa ń wò mí.

"Àwo kọ́ ni mò ń bèèrè, Mọ́mì. Ẹ yọ ahọ́n yín kí n wò ó."